Nọ́ọ̀sì Tí A Pè Ní Ìyàwó

Níbi tí mo ń gbé báyìí, bí òtútù bá ti mú tí ilẹ̀ sì tètè ṣú, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Ilé ilẹ̀ ni, igi fúrúùtù wà níwájú rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti apá ọjà, ẹ ó máa gbọ́ ariwo ayùn àwọn onípákó láti òwúrọ̀. Mo gbé ilé yẹn kí n tó rìnrìn àjò. Mo sì tún dé síbẹ̀ lọ́dún tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí mo wá kí wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà nígbà yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Láwùmí, ni aya Díkónì Luke Ògúntúndé. Ọmọ Ṣakí ni Bọ̀dá Luke, Onítẹ̀bọmi ni láti ìdílé, ó sì ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kó tó fẹ̀yìn tì. Jẹjẹrẹ ló mú un, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn dókítà kò tàn wọ́n. Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó kù, kò sí oògùn tó lè lé àìsàn náà lọ mọ́, pé ohun tó kù tí èèyàn lè ṣe fún un ni pé kí ìrora má fìyà jẹ ẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bámidélé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pọ́tákọ́tù. Òun ló wá àwọn kan rí lọ́nà Ring Road tí wọ́n máa ń rán nọ́ọ̀sì lọ bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, kó lè wà lórí ibùsùn ara rẹ̀, kó máa gbóhùn àwọn èèyàn rẹ̀. Ìrẹ̀mídé ni nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán wá.

Agbowó ni ọmọbìnrin náà ń gbé. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gbé e wá láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì ti máa ṣiṣẹ́ láti ẹnu géètì. Ó ń wẹ Bọ̀dá Luke, ó ń tọ́jú egbò tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i lẹ́yìn, ó sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, nítorí pé kò rọrùn fún un láti gbé nǹkan mì mọ́.

"Píríńsípà wa, ẹ yíjú sí ògiri," ni yóò wí. "Ẹ má pariwo o, kí n má baà kọ orúkọ yín mọ́ àwọn apariwo."

"Ta lo máa kó orúkọ náà fún?" Bọ̀dá Luke á dáhùn. "Ọ̀dọ̀ èmi náà ni wọ́n máa ń kó o wá."

Yóò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á dùn ún lẹ́yìn, síbẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ á rọ̀ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù.

Ṣùgbọ́n ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tí Ìrẹ̀mídé bẹ̀rẹ̀ tó fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má wọ aṣọ nọ́ọ̀sì wá mọ́, kó máa wọ ańkárá. Kì í ṣe pé kò mọ oore rẹ̀. Òun ni alága Ẹgbẹ́ Obìnrin ní ìjọ wọn, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ká ara rẹ̀ mọ́. Nígbà kan tí rọpárọsẹ̀ mú ìyá Ọmọ́fẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń gbé Baṣọ̀run, tó sì ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀, Ọmọ́fẹ́ gba ẹnì kan tó ń wẹ ìyá náà, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ títí òun á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n mi dìde nínú ìpàdé.

"Ìyá tó pọ̀n yín, tí ẹ tọ̀ sí lẹ́yìn, tí kò sọ yín nù," ó ní, "òun lẹ wá ń fi alágbàṣe wẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín o. Ẹni tó bá gbé òbí rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ lé alágbàṣe lọ́wọ́, ó ti sin ín kó tó kú."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Wọ́n ní ńṣe ni Ọmọ́fẹ́ jókòó sẹ́yìn, tó ń tú gèlè, tó ń wé e padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, àwọn kan nínú Ẹgbẹ́ Obìnrin yà sílé wa láìsọ tẹ́lẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi fún wọn ni nígbà tí Ìrẹ̀mídé jáde láti yàrá aláìsàn, ó gbé bàsíà lọ́wọ́, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀.

"Háà, Màmá, ta lọmọ arẹwà yìí?"

Ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ sórí bàsíà, ó padà sọ́dọ̀ àlejò.

"Ìyàwó Bámidélé ni," ó ní. "Ìyẹn ni pé, ìyàwó tó ń bọ̀ lọ́nà. Ó wá bá mi gbé omi."

Àwọn obìnrin náà hó yè. Ọ̀kan fò mọ́ Ìrẹ̀mídé tòun ti bàsíà. Òmíràn ní, "Màmá yìí náà! Ẹ wá ń gbé ìyàwó pamọ́ fún wa bí ẹran inú ìkòkò!" Ìrẹ̀mídé kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì fi ẹ̀yìn rìn wọ kíṣìnì. Mo tẹ̀ lé e láti lọ gbé kọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi wọlé bá wa.

"Mọ́mì, kí lẹ sọ yẹn?"

"Ó já bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ní ẹni tí mò ń fẹ́? Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Agbowó, owú rẹ̀ ò sì kéré o."

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Kí wọ́n ṣáà lọ."

"Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ò ní fẹ́ ẹ o, Mọ́mì."

"Kí wọ́n ṣáà lọ ni mo wí."

Wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Ó gba orí fóònù dé Ṣakí, kí a sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ìyá Ṣakí ti sọ̀ níwájú géètì.

Oyèbọ́lá lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Luke ni. Ó ru èlùbọ́ wá, ó gbé oyin wá, ó ní òun ò ní í lọ títí òun á fi rí i pé ọkàn àbúrò òun balẹ̀. Ó sunkún díẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó fi etí ìró nu ojú, ó jáde sí pálọ̀.

"Níbo ni ìyàwó wa wà?"

Ìrẹ̀mídé kúnlẹ̀. Ìyá Ṣakí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ará ibo ni ọ́?"

"Ará Ìlá ni mí, mà."

"Ìlá ò burú. O tín-ín-rín díẹ̀, oúnjẹ á tún un ṣe. Ṣé o mọ iyán gún?"

"Mò ń gbìyànjú, mà."

"Ìgbìyànjú kì í yó ọkọ o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìrẹ̀mídé po omi, ó gbé bàsíà, ó dorí kọ yàrá. Ìyá Ṣakí gbé àga sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń gbé omi lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wẹ Dádì, mà."

"Wẹ ta ni? Láwùmí! Láwùmí o! Jáde wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ! Ìyàwó tí a ò tíì gbé wọlé ló fẹ́ lọ rí ìhòòhò baba ọkọ rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é n'Íbàdàn níbí ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ.

"Rárá mà," ó ní níkẹyìn. "Èmi ló ń gbé omi náà bọ̀ wá fún."

Ìyá Ṣakí kò ṣẹ̀ o. Ẹni tó bá ti di àna, ó ní ibi tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ. Ìyàwó ilé lè se oúnjẹ baba ọkọ, ó lè fọ aṣọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ tú u sí ìhòòhò. Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni, àlejò pátápátá, kò sí ẹni tí yóò bi í. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi fún Ìrẹ̀mídé kí ayé má baà bú òun, òun ló wá lé e kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn aláìsàn.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ rẹ̀ wẹ̀ nìyẹn, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọrùn ọwọ́ ń dùn ún. Ìrẹ̀mídé á lọ dúró lábẹ́ fèrèsé níta bí ẹni tó ń sá aṣọ, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gba inú àwọ̀n ẹ̀fọn.

"Mọ́mì, ẹ kọ́kọ́ ká orúnkún wọn. Ẹ má fà wọ́n lápá. Ẹ ti ìdí wọn, ẹ ti ìdí wọn!"

"Mò ń tì í!"

"Egbò yẹn ńkọ́, ṣé omi ti ń jáde níbẹ̀?"

"N ò rí i dáadáa."

Lọ́jọ́ kan Bọ̀dá Luke yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi egbò náà gbo irin ibùsùn. Kò kígbe. Ó kàn di ojú títí àwọ̀ ojú rẹ̀ fi yí padà. Ní ti abẹ́rẹ́, ìgbà tí Ìyá Ṣakí bá lọ wẹ̀, tàbí tó bá tòògbé nínú àga, ni Ìrẹ̀mídé máa ń yọ́ wọlé lọ gún un. Ọmọbìnrin náà wá di olè nínú iṣẹ́ ara rẹ̀.

"Mọ́mì, n ò lè ṣe báyìí mọ́," ó sọ lẹ́yìnkùlé, èmi náà wà níbẹ̀. "Àwọn tó rán mi wá, kí Dádì má jẹ̀rora ni wọ́n ṣe rán mi. Ẹ jẹ́ n sọ fún Ìyá Ṣakí. Kí wọ́n bú mi."

"Ọjọ́bọ̀ ni Ẹgbẹ́ Obìnrin ń bọ̀ wá gbàdúrà fún un. Jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọmọ mi. Ìyá Ṣakí náà á wá lọ sílé, a ó sì padà sí bí a ṣe wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "bí ẹ bá sọ ọ́, kí ni wọ́n máa fi yín ṣe?"

Ó kọjú sí mi. "Abíọ́dún, o ti pẹ́ nílẹ̀ òyìnbó. O ò mọ ohun tí mo ti fi ẹnu mi sọ."

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn obìnrin náà kún pálọ̀, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àga wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá níbi tí Ìyá Ṣakí jókòó sí bí ẹ̀ṣọ́. Ọmọ́fẹ́ wà láàárín wọn. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n tún kọrin. Kò sí ẹni tó fẹ́ tètè lọ, nítorí pé Ìyá Ṣakí ti ṣèlérí fún wọn pé wọn á jẹ iyán tí ìyàwó gún. Ẹ̀yìnkùlé ni Ìrẹ̀mídé wà nídìí odó, a ń gbọ́ gbì, gbì, gbì láti inú yàrá, àwọn obìnrin kan sì dúró tì í, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kò le. Lẹ́ẹ̀kan tó wọlé wá mu omi, ó fi orí ṣe àmì sí ẹ̀gbọ́n mi láti ọ̀nà kíṣìnì. Ẹ̀gbọ́n mi mọ ohun tó ń sọ. Àkókò abẹ́rẹ́ ti kọjá. Ó gbé ojú kúrò.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bọ̀dá Luke ni èmi jókòó sí. Mo rí i tí ìrora náà ń dé. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ká kò, lẹ́yìn náà ni ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ẹ jẹ́ n pè é wá," mo ní.

"Má pè é."

"Bọ̀dá, ẹ ò lè..."

"Ó ti sọ fún wọn pé ìyàwó ni." Ó ń mí gúlegúle. "Ta ni yóò wá tún sọ ọ́ dà níwájú wọn? Má jẹ́ kí ojú tì í, Abíọ́dún. Wọn ò ní í pẹ́ lọ."

Wọ́n tún dá orin mìíràn. Bọ̀dá Luke fi ọwọ́ wá etí aṣọ ibùsùn, ó kó o sẹ́nu, ó dé eyín mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sínú etí, kò sì sí ohùn kankan tó jáde. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń mú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ẹ̀rín àlejò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Abíọ́dún, wọ́n fẹ́ wọlé wá gbé ọwọ́ lé e..."

Ó rí aṣọ náà lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Kò kọ́kọ́ yé e. Ó wá sún mọ́ ọn, ó fẹ́ yọ ọ́, kò sì lè yọ ọ́, eyín ti dì í mú.

"Kí ló dé tó fi ń jẹ aṣọ? Kí ló dé tí kò pariwo?"

"Bọ̀dá ní kí n má pe nọ́ọ̀sì," mo ní. "Wọn ò fẹ́ kí ojú tì yín."

Mo ti rí i tí ẹ̀gbọ́n mi sunkún rí. N kò rí i kí ojú rẹ̀ bàjẹ́ báyìí rí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ẹni tó fẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìgbà kan padà sínú. Ó yípadà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dúró láàárín àwọn àga, kò dúró kí orin parí.

"Ìrẹ̀mídé! Nọ́ọ̀sì! Fi odó yẹn sílẹ̀, wá gún ọkọ mi lábẹ́rẹ́!"

Orin náà kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì wo?" Ìyá Ṣakí bi í.

"Nọ́ọ̀sì ni. Kì í ṣe ìyàwó Bámidélé. Bámidélé kò tíì fojú kàn án rí. Alágbàṣe ni, òun ló ń wẹ Bàbá Bámidélé, òun ló ń nu ìdí rẹ̀, nítorí pé èmi ò lè ṣe é. Mo purọ́. Ojú ló ń tì mí."

Ìrẹ̀mídé sáré ti ẹ̀yìn wọlé, iyán lẹ̀ mọ́ ọn dé ìgúnpá. Ó fọ ọwọ́ ní kíṣìnì, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá. Ìyá Ṣakí dìde fúnra rẹ̀, ó gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹnì kan láàárín wọn ní, "Àwa tí a ti ń dúró de ìgbéyàwó," ẹlòmíràn sì gún un ní ìgúnpá. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ń wá Ọmọ́fẹ́ kiri, nígbà tó sì rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, àgbàlagbà, níwájú ẹni tó lè bí. Ọmọ́fẹ́ yára dìde, ó gbá a lápá mú.

"Ọmọ́fẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá rẹ lọ́jọ́sí..."

"Ẹ má sọ ọ́ níbí, mà."

"Jẹ́ n..."

"Inú ìpàdé lẹ ti sọ ti ìṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ sọ èyí, ẹ jẹ́ ká dé ìpàdé." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi nàró, ó tọ́ ìró rẹ̀ fún un, ó mú àpamọ́wọ́, ó lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dúró síbẹ̀ rèé, tí apá rẹ̀ ṣì nà síwájú.

Ìyá Ṣakí ló wá bá a.

"Láwùmí, ká ní o sọ pé nọ́ọ̀sì ni, ǹ bá bá ọ kí i kú iṣẹ́. Ta ní fẹ́ fi ọ́ ṣẹ̀sín? Ṣùgbọ́n kí àbúrò mi máa jẹ aṣọ nítorí tìrẹ, tí èmi sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mò ń bá wọn ṣàtẹ́wọ́! Kí lo sọ mí dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn ti ògiri. Kò lè padà sí pálọ̀, kò sì lè wọ yàrá, títí Ìrẹ̀mídé fi yọjú sí i.

"Mọ́mì, Dádì ń bèèrè yín."

Bọ̀dá Luke ti tú aṣọ sílẹ̀ lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára, ojú rẹ̀ ti ń rọ̀. Ó wo aya rẹ̀ tó dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn.

"Ìyá Bámi, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọn ò tíì lọ tán."

"Wọ́n gbọ́?"

"Gbogbo wọn ló gbọ́."

Ní pálọ̀, wọ́n ń fa àga jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ń sùn nínú ilé.

"Ṣé ojú tì ọ́ púpọ̀?"

"Ó tì mí. Kì í ṣe tiwọn ló ń tì mí báyìí."

Kò bi í pé ti ta ni. Ó sún ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀ lórí ibùsùn kí àyè lè wà. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, nítorí pé kò tíì lè wo ojú rẹ̀.